Ọwọ́ Kan Etí, Ṣùgbọ́n Ṣé Ọmọ Tó Iléèwé Lọ?

Ọwọ́ ọ̀tún á gba orí kọjá, á lọ wá etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ọmọ ti tó iléèwé lọ. Bí kò bá kàn án, wọ́n á ní kó padà sílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Báyìí ni àìmọye ọmọ ṣe wọ iléèwé nílẹ̀ Yorùbá, àgàgà lẹ́yìn tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí iye ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi fò kọjá 800,000 lọ́dún ẹyọ kan. Ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ṣọ̀wọ́n nígbà náà, ara ọmọ ni wọ́n ń bi léèrè. Ìdánwò etí yẹn sì ní ìdí tirẹ̀: orí ọmọdé máa ń tóbi, apá rẹ̀ á kúrú, ìgbà tó bá ń sún mọ́ ọdún mẹ́fà tàbí méje ni apá ń gùn débi tó lè yí orí po.

Ohun tí ọwọ́ kò lè sọ ló pọ̀. Ṣé ọmọ náà lè jókòó gbọ́ ìtàn parí? Ṣé ó lè sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ̀? Ṣé ó lè dúró kí ẹlòmíì ṣe tirẹ̀ tán? Irú ìbéèrè wọ̀nyí ni òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ ìgbà èwe ń dáhùn. Gbólóhùn ni òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́, tó ń sọ ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ tàbí kó lè ṣe ní ọjọ́ orí kan. Síso àwọn òṣùwọ̀n pọ̀ wá ni iṣẹ́ rírí i pé ibi tí jẹ́léósinmi bá ọmọ dé gan-an ni kíláàsì kìíní ti máa gbà á.

Ní Nàìjíríà, ọwọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nídìí iṣẹ́ náà. NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìwádìí ẹ̀kọ́, ló ń kọ ìlànà ohun tí wọn yóò kọ́ ọmọ. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, lábẹ́ òfin ọdún 2004, pẹ̀lú SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló ń mójú tó owó, ilé àti àbójútó. NCCE, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ló ń pinnu ohun tí ẹni tó fẹ́ di tíṣà yóò kọ́ níbẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 2013 wá fi ọdún kan, fún ọmọ ọdún márùn-ún, ṣáájú ọdún mẹ́sàn-án ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Òun ló sọ ètò náà di 1-6-3-3-4: ọdún kan ní jẹ́léósinmi, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì. Lórí ìwé, okùn náà gún. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá yí ìwé rẹ̀ padà tí àwọn méjì yòókù kò yí tiwọn, tíṣà tó wà níwájú ọmọ ló ń jìyà rẹ̀: ìwé tuntun lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ àtijọ́ lórí.

Ìṣirò ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ka oókan dé ogún láìmí, bí ẹni ń kọrin. Ẹ wá kó kóró agbálùmọ̀ méje síwájú rẹ̀. Á fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kà á dé eéje. Ẹ bi í pé, "Mélòó ni?" Á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Kò tíì yé e pé iye tó kà kẹ́yìn ni iye gbogbo wọn. Ẹ tú kóró náà ká kí wọ́n gba àyè púpọ̀, ó lè sọ pé wọ́n ti pọ̀ sí i. Ọmọ yìí kò ya òmùgọ̀ rárá. Ibi tí gbogbo ọmọdé ń gbà kọjá ló wà. Bí òṣùwọ̀n jẹ́léósinmi bá wá sọ pé "kí ọmọ ka oókan dé ọgọ́rùn-ún", tíṣà á fi orin kọ́ ọ, ọmọ á kà á dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì ní ó yege. Ní kíláàsì kìíní, ìròpọ̀ ló kàn: mẹ́ta àti mẹ́rin. Ọmọ olórin kò rí nǹkan tí yóò rò pọ̀. Igi kan ti já lára àkàbà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ títí ẹsẹ̀ ọmọ fi yọ̀. Òṣùwọ̀n tó so mọ́ra á béèrè pé kí ọmọ ọdún márùn-ún ka nǹkan mẹ́wàá, kó sọ iye wọn láì tún wọn kà, kó sì mọ̀ pé títú wọn ká kò fi ọ̀kan kún wọn.

Ìdí tún nìyí tí dída òṣùwọ̀n ìlú míì kọ fi léwu. Nínú Yorùbá, ọmọ á máa fi kún ẹ̀wá títí dé mẹ́rìnlá, àfi bó bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọ̀rọ̀ yíjú padà: ogún dín márùn-ún ni. Mẹ́rìndínlógún tẹ̀ lé e, ogún dín mẹ́rin. Ọmọ ti pàdé ìyọkúrò kó tó mọ orúkọ rẹ̀. "Kíka dé ogún" nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti "kíka dé ogún" lẹ́nu ọmọ Yorùbá yàtọ̀ síra ní ìwúwo.

Òkè ni àṣìṣe ti ń wá jù. Ẹni tó ń kọ òṣùwọ̀n á mú ohun tí kíláàsì kìíní ń fẹ́, á máa bọ̀ nísàlẹ̀ lọ́dọọdún, títí ọmọ ọdún mẹ́ta á fi máa kọ A sórí ìlà. Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le tán, ó sì di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọmọ odó mú. Ọ̀pọ̀ nọ́sìrì ló ń ṣe báyìí nítorí pé ìwé tó kún fún A ni òbí ń rí tó fi ń sanwó. Ẹ̀pà bíbó, ìlẹ̀kẹ̀ sísín àti amọ̀ mímọ ló ń fún ìka lágbára tó máa fi kọ̀wé. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òṣùwọ̀n, kí kíláàsì kìíní sì sún síbi tí ọmọ wà.

Ní Amẹ́ríkà, ààrẹ àti àwọn gómìnà fẹnu kò ní 1990 pé tó bá fi di ọdún 2000, gbogbo ọmọ ni yóò wọ iléèwé ní ìmúrasílẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ọdún pé, àfojúsùn kò pé. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń tọ́ ọ lẹ́yìn pín ìmúrasílẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún tó ṣì wúlò: ìlera àti agbára ara, ìwà àti bíbá ẹlòmíì gbé, ìhà tí ọmọ kọ sí ẹ̀kọ́, èdè, àti ìmọ̀. Wọ́n sì ní iléèwé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ múra de ọmọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìdí èdè ni àkàbà ti ń já jù. Lẹ́tà 25 ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ọmọ tó kọ́ p nínú "pátákó" ń fi ètè àti ẹ̀yìn ẹnu gbé ìró náà jáde pa pọ̀. P inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ètè nìkan ni. Bí tíṣà kíláàsì kìíní bá mọ èyí tí ọmọ ti kọ́, kò ní pẹ́ tó máa tún un ṣe. Bí kò bá mọ̀, á ní ọmọ kò mọ̀wé.

Láti 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, nígbà Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, ti fi ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kan ní Yorùbá, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan; wọn kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè àdúgbò jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́léósinmi. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo: "ọmọ lè sọ ìtàn kúkúrú lẹ́sẹẹsẹ." Nínú Yorùbá, ó ń wọn bí ọmọ ṣe ń to èrò rẹ̀. Tí ọmọ kan náà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé, bá ní láti fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò yí padà nínú gbólóhùn yẹn, síbẹ̀ ó ti di òṣùwọ̀n mìíràn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti dé ibi tí òṣùwọ̀n wí? Wíwò ni, kì í ṣe ìdánwò àbáwọlé tí àwọn iléèwé aládàáni kan ń gbé síwájú ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn òbí Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀nà yìí: ní ìparí ọdún tí wọ́n ń pè ní Reception, èyí tó ṣáájú kíláàsì kìíní, tíṣà tó ti ń bá ọmọ bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ibi tó dé nínú àfojúsùn ẹ̀kọ́ ìgbà èwe 17, láìsí ìwé ìdánwò, àbọ̀ rẹ̀ sì ń lọ bá tíṣà kíláàsì tó kàn.

Ewé ìwé kan ti tó fún irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ kóró agbálùmọ̀ lè kà báyìí: "Ó ń kà dé ogún lẹ́nu, ó mọ iye nǹkan dé mẹ́rin. Yorùbá ló fi ń sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣì kéré. P ti 'pátákó' ló mọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, ẹ má ṣe fipá yí i sí ọ̀tún." Tíṣà kíláàsì kìíní tó bá gba ìwé yìí ní oṣù kẹsàn-án á mọ̀ pé kóró ni kí òun kó wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ìròpọ̀ ojú pátákó ṣì dúró ná.