Omi ló kó yuréníọ̀mù Oklo jọ, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni

Ìròyìn kan ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp àti YouTube tipẹ́. Wọ́n ní wọ́n rí ríákítọ̀ átọ̀mù, ohun tó ń la átọ̀mù láti mú ooru jáde, lábẹ́ ilẹ̀ ní Gàbọ́n, pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún bílíọ̀nù 2 sẹ́yìn, àti pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàdédé wà, ó ní láti jẹ́ pé àwọn kan ló kọ́ ọ. Àwọn kan ní àwọn baba ńlá àwa adúláwọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní àwọn ẹ̀dá tó ti ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ ni. Èyí tó wá ń dùn mọ́ àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ jù ni pé àwọn òyìnbó mọ̀, wọ́n kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Apá kan ìròyìn náà jóòótọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti já nírọ́. Ríákítọ̀ wà ní Oklo lóòótọ́, nítòsí Mounana àti Franceville, ní ẹkùn Haut-Ogooué. Ó tó nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 2 lóòótọ́. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan kọ́ ọ. Ní ti pé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, Francis Perrin, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, kéde rẹ̀ ní gbangba ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù September 1972, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí àṣírí rẹ̀ tú.

Bí àṣírí náà ṣe tú gan-an dùn ún gbọ́. Yuréníọ̀mù ni irin tí ríákítọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Irú rẹ̀ méjì ló ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí: 238, tó pọ̀ rẹpẹtẹ, àti 235, tó ṣọ̀wọ́n. 235 yìí ni ríákítọ̀ ń jó, ìyẹn ni pé ó ń la átọ̀mù rẹ̀ sí méjì. Ibi yòówù kéèyàn ti wa yuréníọ̀mù láyé, títí kan òkúta tí wọ́n gbé wá láti inú òṣùpá, ìpín 235 inú rẹ̀ jẹ́ 0.720 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ní 1972, ní ilé iṣẹ́ kan ní Pierrelatte, ní Faransé, wọ́n wọn yuréníọ̀mù kan, wọ́n bá 0.717. Lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yẹn, kí ló wà nínú ìyẹn? Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo ẹrù tó ti orísun kan náà wá, nǹkan bíi kílógírámù 200 nínú 235 ni kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ìyẹn tó ṣe bọ́ǹbù átọ̀mù bíi mẹ́fà. Ọkàn wọn kò lè balẹ̀ mọ́. Wọ́n tọ ipa ẹrù náà sẹ́yìn, láti ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn, títí wọ́n fi dé ibi ìwakùsà tí ilé iṣẹ́ COMUF ti ń wa yuréníọ̀mù ní Gàbọ́n láti 1961. Nínú àwọn òkúta Oklo kan, ìpín 235 já wálẹ̀ dé 0.44. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ó ti jó kó tó di pé ẹnikẹ́ni wà á.

Eérú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí átọ̀mù 235 bá là sí méjì, àwọn èròjà mìíràn ló ń dà, neodymium sì wà lára wọn. Nínú neodymium tó wà káàkiri ayé, irú tí wọ́n ń pè ní 142 ń kó bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Oklo kò tó 6, nítorí pé yuréníọ̀mù tó bá là kì í bí 142 rárá. Ohun tí wọ́n ń bá nínú eérú ríákítọ̀ òde òní gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè tí àwọn oníròyìn WhatsApp kì í béèrè ni èyí tó gbà mí lọ́kàn jù: báwo ni yuréníọ̀mù ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan? Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á ní iná abẹ́ ilẹ̀ ló yọ́ ọ jáde, bí ìgbà tí òkè oníná bá bú. Iná abẹ́ ilẹ̀ nípìn-ín tirẹ̀ lóòótọ́, òun ló gbé yuréníọ̀mù sínú granite, irú àpáta tí Olúmọ jẹ́. Àmọ́ ó fọ́n ká ni. Ní ìpíndọ́gba, gíráàmù bíi 3 péré ló wà nínú tọ́ọ̀nù kan àpáta ojú ilẹ̀ ayé. Èyí kò tó wà, ká má tíì sọ pé kó gbiná. Ohun tó kó o jọ ní Oklo ni omi, omi náà kò sì lè ṣe é títí afẹ́fẹ́ ayé fi yí padà.

Ẹ̀rí èyí wà ní Witwatersrand ní Gúúsù Áfíríkà, ibi tí góòlù Johannesburg ti ń wá. Nínú àpáta tó ti lé ní ọdún bílíọ̀nù 2.7, hóró yuréníọ̀mù wà pẹ̀lú góòlù, wọ́n sì rí roboto. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé odò ló yí wọn lọ yí wọn bọ̀ títí wọ́n fi dán. Lóde òní, irú hóró bẹ́ẹ̀ kì í sábà rìn jìnnà nínú odò kó tó yòrò, nítorí pé ọ́síjìn inú omi á jẹ ẹ́. Pé wọn kò yòrò nígbà náà fi hàn pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ ayé rárá. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń gbé inú omi, tí wọ́n ń fi ìtànṣán oòrùn ṣe oúnjẹ, ló ń mí ọ́síjìn jáde díẹ̀díẹ̀, títí ó fi gba inú afẹ́fẹ́ kan ní nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 2.4 sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni yuréníọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Omi tó ní ọ́síjìn ń ṣàn gba ara àpáta àti iyanrìn àtijọ́ kọjá, ó ń yọ yuréníọ̀mù lára wọn, ó ń gbé e lọ láìfojú hàn. Ní Gàbọ́n, omi yìí pàdé ohun tó dá a dúró. Òkú àwọn ẹ̀dá tíntìntín ti jẹrà mọ́ inú ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀ òkun, ooru abẹ́ ilẹ̀ ti fún epo rọ̀bì jáde lára wọn, epo náà sì ti wọ inú àpáta oníyanrìn. Níbi tí epo bá wà, ọ́síjìn kì í dúró. Bí omi ṣe débẹ̀, yuréníọ̀mù inú rẹ̀ dilẹ̀, bí ìdọ̀tí odò ti ń dilẹ̀ nígbà tí a bá ju álọ́ọ̀mù sínú ìkòkò. Bó ṣe ń dilẹ̀ lójú kan náà fún àìmọye ọdún nìyẹn, tó fi jẹ́ pé ní àwọn ibi kan yuréníọ̀mù lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún àpáta.

Kí ló wá tanná ràn án? Àkókò ni. 235 máa ń yára run ju 238 lọ. Ìdajì 235 ń lọ láàárín ọdún mílíọ̀nù 704, nígbà tí ìdajì 238 ń gba nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.5. Ẹ ka ọdún náà padà sẹ́yìn dé ìgbà Oklo, ìpín 235 á gòkè dé nǹkan bíi 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, níbi gbogbo láyé. Bíi 3 sí 5 ni àwọn ilé iṣẹ́ iná átọ̀mù òde òní ń ná owó ńlá láti gbé e dé. Nígbà Oklo, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Paul Kuroda, ọmọ Jàpáánù tó ń ṣiṣẹ́ ní Arkansas ní Amẹ́ríkà, ti ṣe ìṣirò yìí ní 1956, ọdún 16 kó tó di pé ẹnikẹ́ni wọn òkúta Oklo. Ó ní bí yuréníọ̀mù bá ki tó, tí ó nípọn ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta mítà kan lọ, tí omi wà láàárín rẹ̀ láti dín eré nútírọ́ọ̀nù, hóró tíntìntín tó ń la átọ̀mù 235, kù, tí àwọn èròjà tó ń gbé nútírọ́ọ̀nù mì, irú bíi boron, kò sì pọ̀, yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí akọ́lé, Kuroda ti dá a lóhùn kó tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé omi ríákítọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, omi inú ilẹ̀ kò sì lè mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èròjà tó ń gbé nútírọ́ọ̀nù mì ni ẹjọ́ wà lórí wọn níbí, wọn kò sì pọ̀ ní Oklo. Omi yẹn náà ló tún ń ṣọ́ iná. Alex Meshik àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington University ní St. Louis wọn xenon, afẹ́fẹ́ kan tó ń jáde nígbà tí átọ̀mù bá là, tó há sínú òkúta Oklo, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Iná náà ń jó fún bí 30 ìṣẹ́jú, omi á gbóná, á gbẹ, iná á kú. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ tí àpáta ti tutù, omi á padà wọlé, iná á tún ràn. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọdún, agbára rẹ̀ kò sì tó kílówáàtì 100 ní ìpíndọ́gba. Ta ni á kọ́ ríákítọ̀ tí kò lè tanná fún ju àdúgbò kékeré kan lọ?

Ní ti àwọn baba ńlá wa, ó yé mi ìdí tí ìtàn náà fi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oklo ń jó, kò sí igi, kò sí ẹja, kò sí kòkòrò. Irú ènìyàn tí àwa jẹ́ kò tíì lò ju nǹkan bí ọdún 300,000 lọ láyé. Ẹni tó bá ń wá ohun tí ọwọ́ baba ńlá ṣe, orí idẹ Ifẹ̀ wà, kò sì tíì pé ẹgbẹ̀rún ọdún.

Títí di òní, ìtòsí ibì kan náà ní Gàbọ́n, ní Oklo, Okélobondo àti Bangombé, nìkan ni wọ́n ti rí irú ríákítọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwakùsà ti kó púpọ̀ nínú ti Oklo lọ kí iṣẹ́ tó dúró níbẹ̀ ní 1999. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé irú rẹ̀ lè ràn lábẹ́ ilẹ̀ lónìí kò ní láti bẹ̀rù. Ní Arlit, ní orílẹ̀-èdè Niger tó bá Nàìjíríà pààlà, iṣẹ́ omi yìí kan náà ló kó yuréníọ̀mù jọ sínú àpáta oníyanrìn, òkú ewé àti igi ló sì dá a dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpáta Arlit kò tíì pé ọdún mílíọ̀nù 360. Nígbà tí iyanrìn rẹ̀ fi ń kó jọ, ìpín 235 ti já wálẹ̀ kọjá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, omi lásán kò sì lè mú un gbiná mọ́.