Dátà ara ẹni: kí lẹgbẹ́ ayò fẹ́ fi NIN mi ṣe?

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dárúkọ "dátà" ní mítìn ẹgbẹ́ ayò wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá kan tó jókòó sídìí ọpọ́n ò tiẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní "tèmi ti tán látàná, Akọ̀wé, bá mi rà á sí i." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mi ò dá wọn lẹ́bi o, níbi tá a wà yìí, tẹ́ ẹ bá ti ní dátà, èyí tá a fi ń wo fídíò lórí fóònù ló ń wá sọ́kàn èèyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń sọ, ìyẹn dátà ara ẹni, kì í tán, tó bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ tí ò yẹ kó bọ́ sí, kò sí ibi téèyàn ti lè ra òmíì.

Ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ò le. Ohunkóhun téèyàn lè fi mọ̀ pé ìwọ gan-an ni wọ́n ń sọ ni, yálà òun nìkan tàbí tí wọ́n bá tò ó mọ́ nǹkan míì: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, fọ́tò, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà àkáùntì, NIN oní-nọ́ńbà 11 yẹn. Ẹ fọkàn sí "tò ó mọ́ nǹkan míì" tí mo wí yẹn. Tí mo bá ní "bàbá kan ní Mọ̀lípà", ta ló máa mọ̀ wọ́n? Ṣùgbọ́n tí mo bá ní "bàbá kan ní Mọ̀lípà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ta ayò", ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa rí á ti mọ ẹni tó jẹ́ kí n tó panu dé, bẹ́ẹ̀ mi ò sì dárúkọ ẹnì kankan.

Òfin tó wà fún un ni Nigeria Data Protection Act, Ààrẹ Tinubu ló buwọ́ lù ú ní June 2023, àjọ tó ń mójú tó o ni wọ́n ń pè ní NDPC. Kó tó dìgbà yẹn, ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé jáde ní 2019 ni wọ́n ń lò. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ bánkì àti ti àwọn onílé iṣẹ́ fóònù nìyẹn, kí ló kan àwa tá à ń ta ayò lábẹ́ igi? Ó kàn wá. Nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ ẹ tó wà nínú fóònù ẹ, òfin yẹn yọ ọ́ sílẹ̀, tara ẹ nìyẹn, ti inú ilé ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti di ẹgbẹ́ tó ní alága, tó ní akọ̀wé àti akápò, tẹ́ ẹ wá ní rẹ́jísítà, ẹgbẹ́ yẹn ti di ohun tí òfin ń pè ní data controller, ìyẹn ẹni tó ń pinnu ohun tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ èèyàn àti ohun tí wọ́n á fi ṣe. Kò sì pọn dandan kó wà nínú kọ̀ǹpútà. Rẹ́jísítà tiwa, ìwé ńlá kan tí epo àkàrà ti ta sí lára ni, òun náà wà ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi. Èmi akọ̀wé yìí ni mo ṣe fọ́ọ̀mù táwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ń kọ, ibòmíì ni mo sì ti wò ó kọ, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ wà ńbẹ̀, fóònù wà ńbẹ̀, ẹ̀sìn, genotype, ọjọ́ oṣù àti ọdún ìbí, NIN, mọ̀lẹ́bí tá a lè pè. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Òkè-Àjẹ́ gba fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n yọ awò ojú wọn jáde, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n wá bojú wò mí: "Akọ̀wé, ayò la wá ta àbí iṣẹ́ sójà? NIN mi, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo yanu, mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀, ìyókù kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ohun tẹ́ ẹ bá gbà lọ́wọ́ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ níṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, kẹ́ ẹ sì lè dárúkọ iṣẹ́ náà. Ọmọ ayò 48 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12, tẹ́ ẹ bá wá rí ìkọkàndínláàádọ́ta, kò sẹ́ni tó máa ní ó kúkú dáa kó pọ̀, ibi tó ti wá lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. A wá jókòó ti fọ́ọ̀mù yẹn. Nọ́ńbà fóònù níṣẹ́, òun la fi ń pe mítìn. Nọ́ńbà mọ̀lẹ́bí níṣẹ́, torí àwọn àgbà tó wà láàárín wa, ó lè rẹ ẹnì kan lójijì nídìí ọpọ́n. Genotype ńkọ́? Ṣé a fẹ́ fẹ́ra wa nídìí ayò ni? Ẹ̀sìn náà jáde, òun àti ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tí òfin pè ní ẹlẹgẹ́, tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ kàn máa gbà káàkiri. NIN, tá a bá fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn trustee, ìyẹn àwọn tó dúró fún ẹgbẹ́ lójú òfin, ni wọ́n máa béèrè ìdánimọ̀ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá ta ayò nírọ̀lẹ́ Sátidé.

Ọdún ìbí ló fa àríyànjiyàn jù, torí Ìjẹ̀bú la wà. Nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́jọ́ Ojúde Ọba, àwọn tó ń wọ aṣọ kan náà tí wọ́n ń jó lọ bíi pé ilẹ̀ ò tó wọn tẹ̀, ìgbà tí wọ́n bí ẹ ló máa sọ ẹgbẹ́ tí wàá wọ̀, tí wọn ò bá bi ẹ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Ọdún ìbí níṣẹ́ tó ń ṣe ńbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ogún ọdún lè na bàbá àádọ́rin ọdún mọ́jú, ọ̀ta ni ọ̀ta, ọ̀pẹ ni ọ̀pẹ. Alága ní ká fi sílẹ̀ torí bọ́ọ̀sìdé. Mo ní ọjọ́ àti oṣù tó fún ìyẹn, a ò ní wo ọdún ká tó jẹ ìkọ́kọrẹ́ ọlọ́jọ́ ìbí. Wọ́n rojú díẹ̀, wọ́n gbà.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ gbà á yẹn náà lẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe. Ẹni tó fún yín ní nọ́ńbà torí mítìn ò sọ pé kẹ́ ẹ fún ọ̀rẹ́ alága tó ń ta ilẹ̀, kò sì sọ pé kẹ́ ẹ fún olóṣèlú tó ń wá ìbò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣe nǹkan míì, ẹ padà lọ béèrè, pé ó dákẹ́ kì í ṣe pé ó gbà, bí òfin ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Tó bá sì gbà lónìí, ó lè ní òun ò gbà mọ́ lọ́la. Àwọn ọmọdé tó ń wá kọ́ ayò nígbà họlidé, tí wọn ò tíì pé 18, òbí wọn ló máa fọwọ́ sí i, títí kan fọ́tò.

Ohun tó wá là wá lójú pátápátá, ọwọ́ ara wa la fi fà á. Akápò wa, èèyàn dáadáa ni o, gbèsè dúés ló sú wọn, ni wọ́n bá ya fọ́tò ojú ìwé kan nínú rẹ́jísítà, orúkọ, nọ́ńbà, iye tí kálukú jẹ, wọ́n jù ú sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kójú lè ti àwọn onígbèsè. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ yín tó kù yẹn, àkáùntì ẹgbẹ́ ti yí padà o." Iye yẹn gan-an ni wọ́n jẹ, kọ́bọ̀ kan ò yàtọ̀, ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ nìyẹn. Èèyàn méjì sanwó. A ò mọ ẹni tó gbé fọ́tò yẹn síta títí dòní, gúrúùpù yẹn kún fún àwọn tó ti kó kúrò n'Ìjẹ̀bú tipẹ́ àtàwọn tí wọ́n ti jí fóònù wọn. A fẹ́ pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, àsìkò tí WhatsApp fi sílẹ̀ fún ìyẹn ti kọjá, ká tiẹ̀ ní kò tíì kọjá, ẹni tó ti fi pamọ́ ti fi pamọ́.

Ìjò dátà ni wọ́n ń pe ìyẹn, kò sì dìgbà táwọn yàhúù bá fi kọ̀ǹpútà já wọlé. Tó bá ti lè kó bá àwọn èèyàn, òfin ní kẹ́ ẹ sọ fún NDPC láàárín wákàtí 72 tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, tí ewu ẹ̀ bá sì pọ̀, kẹ́ ẹ tètè sọ fáwọn tó kàn. Ẹgbẹ́ kékeré ò yọ sílẹ̀ nínú ìtanràn náà, ó lè tó mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ká kó dúés wa ọdún mẹ́wàá jọ, kò débẹ̀. Àlẹ́ ọjọ́ yẹn la pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gan-an ló dá àwọn tó kù dúró tí wọn ò fi sanwó.

Ní báyìí, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni rẹ́jísítà ń gbé, èmi àti akápò nìkan ló ń ṣí i, onígbèsè, a máa pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ owó tó san nìkan ló kù, ìyókù á jáde. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wo ohun tá a kọ nípa òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó, tó bá rí àṣìṣe, ká tún un ṣe.

Bàbá tí dátà wọn tán lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ wá wò ó. Mo fi pépà bo orúkọ àwọn tó kù, mo fi tiwọn hàn wọ́n. Nọ́ńbà síìmù tó ti sọ nù lọ́wọ́ wọn ló wà ńbẹ̀, à ṣé ìdí tí wọn kì í fi í gbọ́ nípa mítìn nìyẹn, tí wọ́n á wá máa bínú pé a ń yọ àwọn sílẹ̀. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ èyí tí wọ́n ń lò, wọ́n kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣì í. Wọ́n wá ní: "Ó dáa, Akọ̀wé, nígbà tó o ti wá ní nọ́ńbà mi tó dájú, fi dátà sí i."