Ọjọ́ tó wà lára físà ọ̀tọ̀, iye ọjọ́ téèyàn lè lò nílùú onílùú ọ̀tọ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà ìbẹ̀wò, tó yẹ̀ ẹ́ wò tó rí i pé ọdún 5 tàbí ọdún 10 ni wọ́n fún òun, ó lè máa rò pé òun lè lọ jókòó síbẹ̀ fún gbogbo ọdún yẹn. Rárá o. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni àsìkò tí físà fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ọjọ́ téèyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó àti ọjọ́ tó máa ẹ̀ksípáyà. Ìkejì ni iye ọjọ́ tí wọ́n gbà kéèyàn lò tó bá ti wọlé tán, èyí gan-an ló sì ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn tí ò ní in lọ́kàn rárá láti rú òfin sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká fi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù. Físà ìbẹ̀wò wọn tí wọ́n ń pè ní B1/B2 kàn ń gbé èèyàn dé ẹnubodè ni, ọ́físà CBP, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ẹnubodè Amẹ́ríkà, tó bá èèyàn níbẹ̀ ló máa pinnu ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde, wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ní oṣù 6, ó sì máa wà lórí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94, níbi tí wọ́n kọ "Admit Until Date" sí. Ká ní èèyàn balẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà, físà ẹ̀ máa ẹ̀ksípáyà lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà yẹn náà, àmọ́ I-94 ẹ̀ sọ pé ọjọ́ 4 oṣù kejìlá. Títí di ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú un torí físà tó ti parí. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé físà ẹ̀ ṣì ku ọdún 4, àmọ́ tí ọjọ́ tó wà lórí I-94 bá ti fi ọjọ́ 1 péré kọjá lórí ẹ̀, òfin sọ pé físà yẹn ti di òkú nìyẹn. Tó bá wá lò ju ọjọ́ 180 lọ láìgbàṣẹ kó tó jáde, ọdún 3 ni ò ní lè padà wọlé, tó bá pé ọdún 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10. Láti 2013 ni I-94 àwọn tó bá wọkọ̀ òfurufú lọ ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe bébà tí wọ́n á fi síni lọ́wọ́ mọ́, torí náà ó yẹ kéèyàn wọ sáìtì CBP lọ wò ó kété tó bá ti wọlé, tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ kó tètè ké sí wọn.

Kánádà náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tí ọ́físà bá lu sitáńpù tí ò kọ ọjọ́ kankan sí i, oṣù 6 ni látọjọ́ téèyàn wọlé, tó bá kọ ọjọ́, ọjọ́ tó kọ yẹn ni.

Àmọ́ kéèyàn má gbé èrò pé físà lè parí kéèyàn ṣì wà níbẹ̀ lọ sí UK o. Físà oníbẹ̀wò ọdún 10 tiwọn, oṣù 6 ni fún ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, tí físà bá wá ku oṣù 2 péré nígbà téèyàn wọlé, oṣù 2 yẹn náà ló ní, ó gbọ́dọ̀ ti jáde kó tó parí.

Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, ló ń dàrú mọ́ èèyàn lójú jù, ó sì tọ́ kéèyàn fara balẹ̀ ka ohun tó wà lára físà yẹn dáadáa. "From" àti "Until" wà níbẹ̀, "Duration of stay" (iye ọjọ́ téèyàn lè lò) wà níbẹ̀, "Number of entries" (iye ìgbà téèyàn lè wọlé) náà wà níbẹ̀. Físà lè sọ pé láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 25 oṣù kẹfà, kí "Duration of stay" jẹ́ ọjọ́ 10. Ọjọ́ 15 tó lé yẹn, wọ́n fi sílẹ̀ torí bí ìrìn àjò bá sún síwájú ni, ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ 3 gbọ́dọ̀ ti jáde lọ́jọ́ 12, torí ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, méjèèjì ni wọ́n ń kà. Tó bá sì jẹ́ 01 ni wọ́n kọ síbi "entries", tó wá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Paris lọ kí èèyàn ní London, físà yẹn ti tán nìyẹn, torí London ò sí lára Schengen, kódà bí ọjọ́ bá ṣì kù.

Ẹni tí wọ́n kọ MULT sí tiẹ̀, ìyẹn pé ó lè wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 máa ń kàn jù, ìyẹn pé kò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí. Ká ní ó wọ Faransé lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta, ó jáde lọ́jọ́ 30, ọjọ́ 30 ti lọ nìyẹn. Ó padà wọ Ítálì lọ́jọ́ 1 oṣù kẹfà, 60 ló kù, ó lò ó tán lọ́jọ́ 30 oṣù keje. Ó wá ń rò pé tóun bá ti jáde lọ síbòmíì fún ọ̀sẹ̀ 1, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ téèyàn bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń ka ọjọ́ 180 padà sẹ́yìn, wọ́n á wo iye tó ti lò nínú ẹ̀, torí náà ó di ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ kí ọjọ́ 1 oṣù kẹta tó jáde kúrò nínú kíkà yẹn, kó tó tún lè wọlé. Látọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò EES tó ń fi ìka ọwọ́ àti fọ́tò ojú ṣe àkọsílẹ̀ ìgbà téèyàn wọlé àti ìgbà tó jáde, ẹ̀rọ ló ń ṣe ìṣirò yẹn fúnra ẹ̀.

Tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ tó fi yẹ kéèyàn pẹ́ sí i, àfi kó béèrè kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù I-539 ni, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí ọjọ́ tó wà lórí I-94 tó kọjá. Kánádà ní ó kéré tán kéèyàn ti béèrè ní ọjọ́ 30 ṣáájú. Àwọn Schengen kì í sábà gbà, àfi tó bá jẹ́ àìsàn tàbí nǹkan míì tó kọjá agbára èèyàn, tí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ sì wà lọ́wọ́.