Ìdánwò àti Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Bàlúù Ogun

Ìdánwò ẹ̀rọ bàlúù ogun ni iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà fi ń wá àbùkù inú rédà, rédíò, ẹ́ńjìnnì, wáyà àti ara bàlúù kí ó tó gbéra. Ní Nàìjíríà, Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ni iṣẹ́ yìí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹrù oko àti èrò ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfurufú Gateway tó wà láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ fún, síbẹ̀ púpọ̀ nínú ìlànà ìdánwò yìí kan bàlúù èrò pẹ̀lú.

Bàlúù òde òní ń yẹ ara rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, wáyà ìròyìn tó tẹ̀ lé ìlànà MIL-STD-1553, tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1973, ló so àwọn ẹ̀rọ pọ̀: ẹ̀rọ kan ló ń pàṣẹ, ó lè pe ẹ̀rọ 31, èyí tí wọ́n bá sì pè tí kò dáhùn ti fi ara rẹ̀ hàn.

Àbùkù tó ń wá tó ń lọ ló nira jù. Pílọ́ọ̀tì á ní rédíò òun kú lójú òfurufú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé e sórí tábìlì ìdánwò, yóò máa sọ̀rọ̀ geere. Àwọn rìwáyà Ṣágámù mọ irú rẹ̀ lára ọkọ̀ tó ń kú lójú títì, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá dé ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú yàrá tó ń gbọ̀n ọ́n, tó ń mú un gbóná, tó sì ń mú un tutù, títí ibi tí wáyà ti dẹ̀ yóò fi hàn. Ẹni tó kàn dá a padà sára bàlúù, tó kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí àbùkù, ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu. Ní ilẹ̀ olójò bí Ìjẹ̀bú, ọ̀rinrin ń mú ẹnu wáyà dógùn-ún, irú àbùkù bẹ́ẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Fún ara bàlúù, wọ́n á fọ irin mọ́, wọ́n á fi àwọ̀ pupa olómi pa á, wọ́n á dúró kí ó wọnú, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á sì da lẹ́búlẹ́bú funfun lé e. Bí irin náà bá ti sán níta, kódà bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú lásán kò tètè rí i, ìlà pupa yóò yọ lójú funfun náà. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni wọ́n fi ń wá èyí tó fara sin sínú irin.

Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á tún ìdánwò ṣe. Níbi tí ó bá kan ohun tí pílọ́ọ̀tì fi ń darí bàlúù, ẹni kejì tó yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe àtúnṣe ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé kí bàlúù tó lè fò.