Ẹ̀wà Tó Hù: Ẹ Sè É Kí Ẹ Tó Jẹ Ẹ́

Lemọ́lemọ́ ni àwọn tó ń wá gba ìmọ̀ràn oúnjẹ lọ́dọ̀ mi ní Abẹ́òkúta ń béèrè báyìí bóyá àwọn lè mú ẹ̀wà hù nílé, kí àwọn sì máa jẹ ẹ́ ní tútù, bí wọ́n ṣe ń rí i lórí fóònù. Ẹ mú un hù, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e kaná kó tó kan ẹnu yín.

Ẹ̀wà jíjẹ ni kí ẹ rà, olóyin tàbí èyí tó bá wù yín, ní Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá. Ẹ má fọwọ́ kan ìrúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn aláwọ̀ kùn lára. Ti oko nìyẹn, fífọ̀ kò lè sọ ọ́ di oúnjẹ.

Ẹ ṣà á dáadáa, torí pé èyí tó kán tàbí tí kòkòrò ti jẹ kò ní hù, yóò kàn jẹrà mọ́ ìyókù lára ni. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ fún wákàtí 8 sí 12. Ẹ da omi náà nù, ẹ kó ẹ̀wà sínú asẹ́, ẹ gbé asẹ́ lé abọ́, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó níbi tí oòrùn kò dé. Láàárọ̀ àti lálẹ́, àti lọ́sàn-án bí ooru bá mú, ẹ tún un ṣan, kí omi sì ro tán pátápátá. Omi tó bá dúró nísàlẹ̀ ló máa ń bà á jẹ́. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, èèpo á là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀wà, ohun funfun ṣóńṣó á yọ síta, á tẹ̀ kọrọdọ. Bó bá ti gùn tó ẹ̀wà fúnra rẹ̀, ó tó. Bó bá ń fà bí ilá, tàbí tó ń rùn kíkan, ẹ dà á nù.

Híhù yìí máa ń dín èròjà tó ń fẹ́ni nínú kù, ó sì ń mú fítámì C wá, èyí tí ẹ̀wà gbígbẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Ooru àti ọ̀rinrin tó ń mú un hù náà ló sì ń mú kòkòrò àrùn pọ̀. Lọ́dún 2011, ní Jámánì, èso hulba (fenugreek) tí wọ́n mú hù ló kó àrùn ran àwọn èèyàn tó lé ní 3,800. Ó lé ní 50 tó kú. Kòkòrò àrùn lè ti wà lára èso kó tó hù, ṣíṣàn nìkan kò lè ṣí i kúrò. Aboyún, ọmọdé àti àgbàlagbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò ní tútù rárá. Omi tó ń hó yaya ni kí ẹ fi sè é títí á fi rọ̀. Kì í pẹ́ rọ̀ bíi ti ẹ̀wà gbígbẹ.

Ti ọkà bàbà tún yàtọ̀: májèlé irú èyí tó wà nínú ẹ̀gẹ́ wà nínú ọ̀mùnú rẹ̀. Nítorí náà, àgbàdo ni mo máa ń ní kí àwọn ìyá ọlọ́mọ lò fún ìyẹ̀fun tó ń mú ògì ọmọ ṣàn. Ẹ mú un hù, ẹ sá a gbẹ, ẹ gbo ọ̀mùnú rẹ̀ dànù, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Bí ògì ọmọ bá ki jù, ẹ má bu omi lé e, omi lásán ni yóò kún inú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ro ṣíbí kékeré kan ìyẹ̀fun yìí mọ́ ọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ṣàn. Ẹ wá gbé e padà sórí iná, kó hó dáadáa, kí ẹ tó fún ọmọ.