Ewéko orí àpáta, òjò àti omi abẹ́ ilẹ̀ ní Ìdànrè

Àwọn òkè gráníìtì Ìdànrè wà ní gúúsù Àkúrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Wọn kò ga tó òkè pẹrẹsẹ Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí pápá koríko ti tẹ́ rẹrẹ ní nǹkan bí 1,600 mítà lókè ojú òkun. Síbẹ̀, ewéko tó ń hù lórí wọn ń dá omi òjò dúró bíi ti pápá òkè gíga.

Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè Àkúrẹ́ lọ́dún tó nǹkan bí 1,500 mílímítà. Oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin ló ń bẹ̀rẹ̀ títí wọ oṣù Kẹwàá, ó sì sábà máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Èyí tó bá bọ́ sórí àpáta lásán kò ríbi wọ̀, àgbàrá ni yóò dà.

Ibi tí ewéko bá tẹ́ bí ẹní lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Afrotrilepis pilosa ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ó jọ koríko, àmọ́ ẹbí làbẹ̀làbẹ̀ ni. Gbòǹgbò rẹ̀ a wé mọ́ra, a gba iyanrìn àti ewé jíjẹrà dúró, títí erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò fi dì sórí òkúta. Erùpẹ̀ yìí ló ń mu òjò, tó sì ń jò ó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Nígbà ọyẹ́, ewé náà a gbẹ pátápátá. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní ó ti kú. Bí òjò bá ti tún kàn án, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti tutù yọ̀yọ̀. Ewéko tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé.

Gráníìtì tó le kì í gba omi sára. Inú òkúta tó ti jẹrà di ilẹ̀, àti ojú ibi tí àpáta ti sán, ni omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbé. Ìdí nìyẹn tí kànga kan fi lè lómi nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí èkejì tí kò jìnnà sí i ti gbẹ. Omi tó bá ń rọra sọ̀ láti òkè máa ń ráyè rì sínú ilẹ̀ ju àgbàrá lọ. Àmọ́ kò yẹ ká bù mọ́ ọn: erùpẹ̀ orí àpáta kò nípọn, ewéko náà sì ń mu nínú omi ọ̀hún. Ilẹ̀ igbó ẹsẹ̀ òkè ló ń pa èyí tó pọ̀ jù mọ́.

Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Tí iná tàbí ẹsẹ̀ èèyàn bá ká ẹní ewéko náà kúrò, òjò ńlá kan ṣoṣo lè gbá erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Afrotrilepis kì í sì í yára dàgbà.