Ẹ Má Fi Bọ́tìnnì Márùn-ún Pe Ara Yín Ní Ayẹ̀rọwò

Wọ́n tún ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ìdìbò àwọn dára. Mo ní, kí lẹ ti ṣe sí i? Wọ́n ní àwọn tàn án, àwọn tẹ bọ́tìnnì olùdíje kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì ka márùn-ún. Mo dá bírò mi padà sápò. Ìgbà kẹta rèé lọ́dún yìí.

Yíyẹ kóòdù (àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé) wò, títẹ èdìdì mọ́ ara ẹ̀rọ, gbogbo ìyẹn dára, mi ò ní fi gbà yín lákòókò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ ṣe lọ́jọ́ àyẹ̀wò ni àyẹ̀wò máa ń sọ. Kì í sọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ ìdìbò.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, wọ́n fi kọ̀ǹpútà dìbò ní Schaerbeek, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m. Ìbò olùdíje kan ju iye tó ṣeé ṣe kó ní lọ. Wọ́n kó káàdì tí àwọn olùdìbò lò jáde, wọ́n tún un kà. Iye ti gbogbo èèyàn yòókù bára mu. Tirẹ̀ nìkan ló fi 4,096 dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oókan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 12, ibẹ̀ lẹ máa bá a. Inú bíìtì ni kọ̀ǹpútà ń kọ iye sí: òdo tàbí oókan ló ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkíní dúró fún 1, èyí tó tẹ̀ lé e fún 2, lẹ́yìn náà 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bíìtì kan ṣoṣo, èyí tó dúró fún 4,096, ló yí padà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà náà, láti òdo sí oókan. Wọ́n yẹ kóòdù wò, wọn ò rí àṣìṣe. Wọ́n dán kọ̀ǹpútà wò léraléra, kò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ká ní bíìtì tó dúró fún 64 ló yí ńkọ́? Ta ni ì bá fura?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo ìwé. Kí olùdìbò fojú ara rẹ̀ ka ìwé tó gbé ìbò rẹ̀, kó bọ́ sínú àpótí, ká wá fi ọwọ́ ka díẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò. Bí ẹni tó wọlé bá fi púpọ̀ ju ẹnì kejì lọ, ìwé díẹ̀ tó. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, a ó máa kà á lọ, bó di gbogbo rẹ̀.

Báwo la ó ṣe mú èyí tí a ó kà? Dáìsì ni! Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017, dáìsì oníhà mẹ́wàá ni wọ́n jù nígbà 20 lójú gbogbo ayé, kí kọ̀ǹpútà tó fi nọ́ńbà tó jáde yan ìwé. Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, wọ́n ti to ẹ̀rọ mẹ́fà kalẹ̀ dè mí, wọ́n nù wọ́n mọ́ tónítóní: “Ọ̀gá, èyí tí ẹ máa yẹ̀ wò rèé.” Mo bínú débi pé ohùn mi gbọ̀n. Ẹni tó mọ àpótí tí a máa ṣí ti mọ èyí tó lè bà jẹ́.

Àwọn oníṣòwò kan sì ń sọ pé blockchain, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tó ṣòro láti yí padà, ti parí gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni! Ohun tí a bá kọ sínú blockchain ló ń ṣọ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ irọ́ sí i, irọ́ náà ni yóò máa ṣọ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Ní Nẹ́dálándì lọ́dún 2006, àwọn kan fi hàn pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti ṣí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ chip inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó gbé kóòdù rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ mú kó ta ayò chess. Kí ọdún méjì tó pé, orílẹ̀-èdè náà ti padà sórí bébà.

Àwọn tó pè mí béèrè bóyá mo lè fọwọ́ sí i ná, kí wọ́n wá ṣètò ìwé tó bá di ìdìbò tó ń bọ̀. Mo ní rárá.